Orí Keje: Ọ̀dọ̀ Ìyá Lọ̀nà Ọmọ Ẹṣin Gbà

“Ẹ kú ewu ọmọ o.”

Abo ẹṣin ni bàbá àgbàlagbà kan ń kí. Ìlọrin ni a wà, ìpè ìrun àsùbáà ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni, ilẹ̀ kò sì tíì mọ́ tán. Abo ẹṣin pupa kan ti bímọ ní òru. Àwa méjèèjì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin, bàbá mú tọ́ọ̀ṣì dání, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ kí iná má bàa wọ ẹran náà lójú. Ọmọ náà wà lórí koríko gbígbẹ. Irun rẹ̀ ṣì tutù, ó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn gbọọrọ bí ẹni pé ó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kí bàbá tó kí ìyá ọmọ, èmi ti tẹ̀ síwájú. Ọmọ yẹn nìkan lojú mi ń wò. Ìṣísẹ̀ méjì péré ni mo gbé tí mo fi rí i pé abo ẹṣin náà ti ká etí rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìpàkọ́, ó ti na ọrùn wálẹ̀ bí ejò, eyín rẹ̀ sì ti yọ. Bàbá gbá apá mi mú, ó fà mí sẹ́yìn. Kò pariwo. Ó ní, “Ọmọ mi, bí o bá dé ilé abiyamọ, ṣé ọmọ lo máa kọ́kọ́ gbé ni? Kí ìyá ná.” Ìgbà náà ló yíjú sí ẹṣin, tó kí i bí a ṣe ń kí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Etí kan yí wá síwájú díẹ̀. Ó ń gbọ́.

Ohun tí orí yìí fẹ́ kọ́ wa kò ju ìkíni yẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ọmọ ẹṣin, ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá ṣe. Ẹni tó bá fo ìyá dá, yóò fi ara gba ìpá, ọmọ tó fẹ́ ràn lọ́wọ́ yóò sì kọ́ láti máa sá fún un.

Kò sì yani lẹ́nu pé a kò mọ ọmọ ẹṣin tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti dàgbà lojú wa mọ̀: ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún Òjúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹṣin Durbar ní Ìlọrin, ẹṣin àwọn tó ń gbá pólò l’Ékòó àti n’Íbàdàn. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé pàápàá, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin gbé ìlú náà ga ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, láti àríwá ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin wọn. Eṣinṣin tsetse tó ń gbé nínú igbó máa ń kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé, áńbọ̀sìbọ́sí kó bímọ kó sì tọ́ ọ. Nítorí náà, ẹni tí abo ẹṣin bá bímọ sí lọ́wọ́ lónìí lè má rí àgbà kan nítòsí tí yóò fa apá rẹ̀ sẹ́yìn bí bàbá ṣe fa tèmi. Òun ni mo kọ èyí fún.

Ìdí tí ẹṣin tútù fi ń le

Oṣù mọ́kànlá ni ẹṣin fi ń lóyún, ìyẹn nǹkan bí ọjọ́ 340, ọmọ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń bí. Ajá lè bí mẹ́fà, ẹlẹ́dẹ̀ lè bí mẹ́wàá. Bí ọ̀kan bá kú, òmíràn ń bẹ lẹ́yìn. Ẹṣin kò ní èlé. Bí ọ̀kan yìí bá bọ́, làálàá ọdún kan ló bọ́ yẹn.

Àwọn ẹran tó ń jẹ koríko sì pín sí ọ̀nà méjì nípa bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ọmọ. Àwọn kan ń fi ọmọ pamọ́. Ìgalà á tẹ́ ọmọ rẹ̀ sínú koríko, á lọ jẹun, á sì padà wá fún un lọ́mú; ewúrẹ́ àti màlúù náà ní ìwà yìí bí wọ́n bá rí àyè. Ọmọ tiwọn mọ bí a ti ń dákẹ́ kalẹ̀. Ẹṣin kì í fi ọmọ pamọ́. Pápá gbalasa ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, níbi tí ẹranko tó fẹ́ pa wọ́n jẹ ti lè rí wọn láti òkèèrè. Nítorí náà ọmọ ẹṣin gbọ́dọ̀ tètè dìde, kó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, kó sì lè sáré bí ìyá bá sáré. Iṣẹ́ ti ìyá ni láti wà láàárín ọmọ àti ohunkóhun tó bá ń bọ̀. Àárín yẹn ni ipò rẹ̀ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí. Ẹni tó bá lọ dúró síbẹ̀, ipò abiyamọ ló gbà.

Nínú ara rẹ̀ náà, nǹkan ti yí padà. Bí ọmọ ṣe ń gba ojú ara jáde, ọpọlọ ìyá ń tú èròjà kan tí à ń pè ní oxytocin sílẹ̀. Èròjà yìí ń fún ilé ọmọ pọ̀ kí ọmọ lè jáde, ó ń mú wàrà sọ̀ kalẹ̀ sínú ọmú, ó sì ń so ọkàn ìyá mọ́ ọmọ. Ìyá á yíjú padà, á máa lá omi ìbí lára ọmọ náà, òórùn ọmọ á sì wọ̀ ọ́ lára. Láàárín wákàtí mélòó kan péré, ó ti mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀, kò sì ní fẹ́ òmíràn.

Ọmọ kì í tètè mọ ìyá bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbà á ní ọjọ́ mélòó kan kó tó dá ìyá rẹ̀ mọ̀ láìṣì í mú. Kó tó dìgbà náà, ohun ńlá èyíkéyìí tó bá ń rìn lọ níwájú rẹ̀ ló lè tẹ̀ lé, ì báà jẹ́ ẹṣin mìíràn, ì báà jẹ́ ìwọ. Ìdí nìyí tí ìyá kì í fi í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọmọ rẹ̀ láwọn ọjọ́ yẹn. Adìẹ tó ń kó ọmọ kiri àgbàlá ń bá ajá tó fi ìlọ́po mẹ́wàá jù ú lọ jà, a kì í sì sọ pé ó ya wèrè. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú kan náà wo abo ẹṣin. Ẹran tó ti ń jẹ bàbà lọ́wọ́ yín láti ọdún mẹ́ta kò gbàgbé oore bó bá yọ eyín sí yín lóru ọjọ́ tó bímọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Oṣù kan ṣáájú

Ìfọkàntán tí ẹ máa nílò lóru ìbí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ni ẹ ti ń kó o jọ. Ó kéré tán, bó bá ku oṣù kan, ẹ mú abo ẹṣin náà wá sí ibi tí yóò bímọ sí. Ara rẹ̀ á mọ àwọn kòkòrò àrùn tó wà níbẹ̀, á pèsè ohun ìjà sí wọn, á sì fi ohun ìjà náà sínú wàrà àkọ́kọ́ fún ọmọ. Àkókò yìí kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú ìbí, ni dókítà ẹran máa ń fún ìyá ní àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára bíi ti tetanus, tó máa ń pa ẹṣin kíákíá.

Ilé tí yóò bímọ sí gbọ́dọ̀ láyè. Ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti lóròó ni ó kéré jù, 14 dára jù ú lọ. Inú ilé tó fún ni ìjàǹbá ti ń pọ̀, torí pé kò sí ibi tí ẹ lè yà sí bí ìyá bá yí ìdí sí yín, kò sì sí ibi tí òun náà lè gbé ọmọ rẹ̀ sá sí. Ilẹ̀kùn náà kò gbọ́dọ̀ ṣòro ṣí láti inú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa fọwọ́ bá a ní ibi gbogbo tí ọmọ yóò fara kàn. Lójoojúmọ́, ẹ fọwọ́ pa á lára láti èjìká lọ sí ìhà, láti ìhà lọ sí abẹ́ ikùn, títí tí ẹ ó fi lè fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu ọmú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbé ẹsẹ̀. Abo ẹṣin tó bá ń bí àkọ́bí kò mọ ohun tó ń já a lọ́mú nígbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ fẹnu kàn án, ó sì lè ta á nípàá láìmọ̀. Èyí tí ọwọ́ ènìyàn ti mọ̀ lára níbẹ̀ kì í fò bẹ́ẹ̀.

Ẹ yan ẹni kan tàbí méjì tí yóò máa ṣe gbogbo èyí, àwọn náà ni kó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbí. Àlejò kò wúlò fún un lóru yẹn.

Wákàtí mẹ́ta tí ọwọ́ wà lẹ́yìn

Òru ni ẹṣin máa ń bímọ jù, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti dá. Bí omi bá ti já, ọmọ yẹ kó jáde láàárín 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró wò ó, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ pè é kíá náà bó bá jẹ́ pé ohun pupa bí aṣọ àrán ló kọ́kọ́ yọ dípò àpò funfun tí ọmọ wà nínú rẹ̀, torí pé ibi ti ya kúrò lára ìyá ṣáájú àkókò nìyẹn, ọmọ náà kò sì rí atẹ́gùn mọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, ọmọ á bọ́ sílẹ̀, ìyá á sì dùbúlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí ìwọ́ ṣì so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ jókòó síta. Ẹ má gé ìwọ́. Yóò já fúnra rẹ̀ bí ìyá bá dìde tàbí bí ọmọ bá ń jà láti dìde. Bí ẹ bá ní tọ́ọ̀ṣì, ẹ lè rọra wo ẹsẹ̀ ọmọ náà láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ ó rí ohun rírọ̀ kan tó so rọ̀ lábẹ́ pátákò rẹ̀ ní ìka-ìka, bí abẹ́ olú, aláwọ̀ wàrà. Òun ni kò jẹ́ kí pátákò ya ilé ọmọ ní gbogbo oṣù tó fi ń yí nínú ìyá rẹ̀. Bó bá ti rìn díẹ̀ lórí koríko, yóò jẹ kúrò. Èmi kì í lè wò ó kí n má dúpẹ́.

Àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ní ìṣirò kan tó rọrùn láti rántí: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Láàárín wákàtí kan, ọmọ yẹ kó ti dìde dúró. Láàárín wákàtí méjì, ó yẹ kó ti mu ọmú. Láàárín wákàtí mẹ́ta, ibi yẹ kó ti bọ́ lára ìyá. Bí ibi bá kọjá wákàtí mẹ́ta nínú, ẹ má fà á. Ẹ pe dókítà, torí pé díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù lè jẹrà nínú ìyá, kó sọ ọ́ di aláìsàn, kó sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ọmú mímu yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebi nìkan. Láti inú oyún ni ìyá ènìyàn ti ń fi díẹ̀ nínú ohun ìjà tó ní sí àrùn ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Ti ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi rẹ̀ nípọn débi pé ohun ìjà yẹn kò lè gbà á kọjá. Ọwọ́ òfo ni ọmọ ẹṣin fi wá sáyé. Gbogbo ohun tí yóò fi bá àrùn jà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú wàrà àkọ́kọ́ tó ki, tó sì pọ́n díẹ̀ ló wà. Ìfun ọmọ náà sì ń gbà á wọlé fún ìgbà kúkúrú ni. Wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló dára jù. Bó bá fi máa di wákàtí 24, ilẹ̀kùn ti tì. Ní ọjọ́ kejì, dókítà lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wò. Bí ohun ìjà tí wọ́n ń pè ní IgG bá ju 800 mìlígíráàmù lọ nínú dẹ́sílítà kan, ọkàn lè balẹ̀. Bó bá kéré jọjọ, ó ní ohun tí wọ́n lè fà sí ọmọ náà lára.

Nítorí náà, wákàtí mẹ́ta yìí ni òórùn, lílá àti ọmú ń so ìyá àti ọmọ pọ̀, òun náà ni ọmọ ń gba ohun ìjà. Ẹni tó bá wọ àárín wọn nígbà yẹn láìnídìí ń tú ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí a ṣe ń wọlé

Àkókò á tó tí ẹ máa wọlé. Ẹ gbọ́dọ̀ fi oògùn sí ìwọ́ ọmọ, èyí tí dókítà bá yàn, bíi chlorhexidine tí a fi omi là, kí àrùn má bàa gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ ya ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sọ̀ mú èyí nìyí.

Láti òkèèrè ni kí ẹ ti máa sọ̀rọ̀. Ohùn yín tó mọ̀ ni ẹ fi ń kan ilẹ̀kùn. Ènìyàn méjì ni kó wọlé: ẹnì kan fún ìyá, ẹnì kan fún ọmọ. Ẹni tí ìyá mọ̀ jù ni yóò kọ́kọ́ lọ, ọ̀dọ̀ ìyá ni yóò sì lọ, níhà èjìká, kì í ṣe níwájú gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn. Ojú ẹṣin wà ní ẹ̀gbẹ́ orí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ tán, àfi ọ̀gangan iwájú orí àti ọ̀gangan ẹ̀yìn ìdí. Bí ọmọ bá bọ́ sí ẹ̀yìn, tí ẹ sì tẹ̀ lé ọmọ lọ síbẹ̀, kò rí yín mọ́. Ẹsẹ̀ ló máa fi béèrè ẹni tó wà níbẹ̀.

Ẹ fún un ní bàbà díẹ̀, ẹ fọwọ́ pa á lọ́rùn, ẹ di okùn orí rẹ̀ mú. Nígbà tó bá mí kanlẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ni ẹnì kejì yóò tó súnmọ́ ọmọ. Ẹ̀gbẹ́ kan náà lára ìyá ni kí ẹ̀yin méjèèjì dúró sí, kí ẹni tó di okùn mú má bọ́ sí òdìkejì. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ìyá bá bínú, ẹni tó mú okùn yóò fa orí rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ìdí ẹṣin á sì yí kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀yin méjèèjì. Bó bá wà ní òdìkejì, orí ni yóò fà lọ, ìpá ni yóò sì fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ wà níbi tí ìyá ti lè rí i, kó lè na imú kàn án bó bá fẹ́. Ẹ má ṣe kọjá láàárín wọn. Ẹ má kúnlẹ̀, ẹ má jókòó sílẹ̀, torí pé ẹni tó wà nílẹ̀ kò lè tètè sá. Láti di ọmọ mú, apá kan á gba iwájú àyà rẹ̀, apá kejì á gba ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ṣe odi fún un. Ẹ má fún un ní ikùn, ẹ má fi okùn fà á lọ́rùn. Egungun ìhà rẹ̀ ṣì rọ̀, ọrùn rẹ̀ sì ṣì ṣẹlẹgẹ. Ẹ ṣe ohun tí ẹ wá ṣe, ẹ tú u sílẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìyá, ẹ sì jáde. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ ọmọ ni yóò kọ́kọ́ jáde, ẹni tó mú ìyá ni yóò gbẹ̀yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ sí pápá, ẹ má gbé ọmọ ṣíwájú kí ìyá máa wá a. Ẹ mú ìyá díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kejì máa darí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ìyá níbi tí ojú rẹ̀ tó o. Kí ajá wà ní ìdè. Kí àwọn ọmọdé wà lẹ́yìn ọgbà, bó ti wù kí ẹṣin náà ti mọ̀ wọ́n tó tẹ́lẹ̀.

Ojú lọ̀rọ̀ wà

Ẹṣin kì í ṣàdédé jáni jẹ. Ó ń sọ̀rọ̀ kó tó ṣe é. Àwa ni a kì í gbọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni pé ó dá oúnjẹ dúró, ó gbórí sókè, ó sì tẹjú mọ́ yín. Ọ̀rọ̀ kejì ni pé ó rìn wá sí àárín ẹ̀yin àti ọmọ. Bí ẹ kò bá dáhùn, etí á ká sẹ́yìn, ìrù á máa gbá kíkankíkan, ọrùn á na wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa yí ìdí sí yín, tí yóò gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nìyẹn.

Ibi tí ó bá bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ni kí ẹ ti dáhùn. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ wo ilẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó gbóòórùn yín. Bó bá jẹ́ ti kejì tàbí etí kíká, ẹ fà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì láìsáré, láìkọ ẹ̀yìn sí i. Bó bá ti yí ìdí, ẹ jáde. Ẹ lè gbé garawa tàbí pákó pẹlẹbẹ kan dání sí iwájú ara yín bí ẹ bá ń wọ ọ̀dọ̀ èyí tó le, kó lè wà láàárín ẹ̀yin àti eyín rẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má nà án. Ohun tó ń bẹ̀rù ni pé ẹni tó wọlé wá lè pa òun àti ọmọ òun lára. Bí ẹ bá gbé pàṣán, ẹ ti sọ ìbẹ̀rù náà di òótọ́. Lọ́la, kò ní dúró ká etí mọ́ kó tó ta yín nípàá. Ìgbóná yìí kì í pẹ́ títí. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló le jù, ó sì máa ń rọ̀ bí ọmọ bá ṣe ń mọ ìyá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń le.

Nígbà tí ìbínú kì í ṣe ti ààbò

Ó ní ìbínú kan tó yàtọ̀. Ìyá tó ń dáàbò bo ọmọ, ìta ló ń kọjú ìjà sí. Èyí tó kọ ọmọ, ọmọ ló ń kọjú ìjà sí: á gé e jẹ lọ́rùn tàbí lẹ́yìn, á lé e lọ sí igun ilé, á ta á nípàá ní gbogbo ìgbà tó bá wá mu ọmú. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó bí àkọ́bí, ó sì wọ́pọ̀ lára irú ẹṣin Arébíà ju àwọn irú mìíràn lọ. Bí ẹ bá rí i tó ń gé ọmọ jẹ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ọmọ kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ pe dókítà. Wákàtí ọmú àkọ́kọ́ ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má yára pe ìyá ní ìkà. Nígbà mìíràn, ọmú tó kún jù ló ń dùn ún, tó fi ń ké tó sì ń sún kúrò. Aṣọ lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti fífún wàrà díẹ̀ jáde máa ń tù ú. Bákan náà, ìyá tó ń jà lánàá tó wá dákẹ́ lónìí kò fi dandan tutù. Bó bá ń làágùn, tí kò jẹun, tó ń wo ìhà ara rẹ̀, ìrora tàbí ẹ̀jẹ̀ inú lè wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Ara ìyá náà ni ẹ ti lè mọ̀ bóyá ara ọmọ le. Láti ẹnu ọ̀nà, láìwọlé rárá, ẹ wo ọmú rẹ̀. Ọmọ ẹṣin tó jẹ́ ẹni ọ̀sẹ̀ kan máa ń mu ọmú ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan, nítorí náà ọmú ìyá kì í ráyè kún. Bí ẹ bá rí ọmú tó wú, tí wàrà ń kán sílẹ̀ tàbí tó ń ṣàn sórí ọmọ, ọmọ kò mu ún, ó sì lè jẹ́ pé àìsàn ti wọlé kí àmì mìíràn tó hàn.

Ẹṣin iwájú

Ní 1991, dókítà ẹran ará Amẹ́ríkà kan, Robert M. Miller, kọ ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ̀ lé. Ó ní kí ènìyàn máa fọwọ́ ra ọmọ ẹṣin ní gbogbo ara láti ìgbà tó bá ti bọ́ sílẹ̀, kó lè mọ ènìyàn. Ìfẹ́ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Séverine Henry, Martine Hausberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Rennes ní ilẹ̀ Faransé fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwádìí, èyí tí wọ́n rí yàtọ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2009 fi hàn pé àwọn ọmọ tí ènìyàn fọwọ́ rà fún wákàtí kan lẹ́yìn ìbí kò fẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn nígbà tó yá, wọn kì í ṣeré tó àwọn ẹgbẹ́ wọn, ó sì ṣòro fún wọn láti bá àwọn ẹṣin mìíràn rìn pọ̀. Wọ́n tún rí i pé ọmọ tí a bá fipá tì sí ọmú máa ń sá fún ènìyàn lẹ́yìn náà.

Ní 2005 ni wọ́n ti gbé èyí tó wú mi lórí jù jáde. Wọn kò fọwọ́ kan ọmọ rárá. Fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, àwọn ìyá ni wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì nù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ fún lóúnjẹ, níṣojú ọmọ wọn. Gbogbo àkókò náà fún ọjọ́ márààrún kò ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àwọn ọmọ tó rí ìyá wọn báyìí kò bẹ̀rù ènìyàn bí ti àwọn yòókù. Wọ́n ń súnmọ́ni, wọ́n tètè gbà kí a gbé aṣọ abẹ́ gàárì lé wọn lẹ́yìn, ìyàtọ̀ náà sì ṣì hàn lẹ́yìn ọdún kan.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. A ti ń pa òwe yìí tipẹ́, a sì máa ń rò pé ènìyàn nìkan ló ń bá wí. Àwọn ẹṣin gan-an ló kọ́kọ́ ń bá wí.

Mo padà sí Ìlọrin ní ọjọ́ karùn-ún. Mo ti kọ́gbọ́n. Láti ìta ni mo ti ń sọ̀rọ̀. Mo kí ìyá, mo dúró sí èjìká rẹ̀, mo sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu ọrùn rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀. N kò wo ọmọ. Bàbá di okùn mú, kò sọ nǹkan kan. Abo ẹṣin náà ń jẹ bàbà, etí rẹ̀ dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Mo bá gbọ́ èémí gbígbóná kan lẹ́yìn ọwọ́ mi. Ọmọ náà ti gba abẹ́ ọrùn ìyá rẹ̀ yọ wá. Ó na imú, ó kàn mí ní apá aṣọ, ó gé e lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ètè rẹ̀, ó sì fi sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbórí sókè láti inú oúnjẹ. Ó wo ọmọ. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà, ó da orí padà sínú garawa.